Ọdún Kan Tí Má-bi-mí Fi Kọ́ Àwọn Ọmọ Amẹ́ríkà

Ọ̀rọ̀ ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ni mo fẹ́ sọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ti ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì. Nínú gbogbo ọdún náà, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló pẹ́ dé ibi iṣẹ́, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì ni ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ń rọbí àkọ́bí wọn. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń bẹ̀rù rẹ̀ bí ẹní bẹ̀rù ààrá. Má-bi-mí ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, torí pé bí ọmọ kan bá nawọ́, tó béèrè ìdí tí ìṣirò kan fi rí bó ṣe rí, èsì kan náà ló máa ń gbà: “Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ àwa náà. Má bi mí.” Ó mọ̀ pé wọ́n ń pe òun bẹ́ẹ̀. Kò bínú sí i. Mo tilẹ̀ rò pé ó dùn mọ́ ọn díẹ̀.

Ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń gbé láti ìgbà tí ọkọ mi ti ṣaláìsí. Yàrá iwájú ni ẹ̀gbọ́n mi fi ṣe ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ. Èmi ni mò ń gé aṣọ, òun ló ń rán an. Torí náà, ìṣojú mi ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti ṣẹlẹ̀, àyàfi èyí tó ṣẹlẹ̀ nínú kíláàsì, èyí tí Tíṣà, bí mo ṣe ń pe ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, fúnra rẹ̀ máa ń sọ fún wa bó bá ti ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà.

Oṣù mẹ́rin tó kọ́kọ́ fi jókòó sílé lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, ojú wa rí màbo. Ó to gbogbo òwú ẹ̀gbọ́n mi láti orí èyí tó gùn jù dé orí èyí tó kúrú jù, a ò sì rí àwọ̀ kankan mú mọ́. Ó ń dúró lẹ́yìn mi bí mo bá ń gé aṣọ, ó ń sọ fún mi pé ọwọ́ mi yẹ̀ ní ìwọ̀n ìdajì íńṣì. Ẹ̀gbọ́n mi ní bí wọn ò bá tètè bá ọkùnrin yìí wá iṣẹ́, òun á fi abẹ́rẹ́ rán ẹnu rẹ̀ pọ̀.

Iṣẹ́ náà dé lóòótọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ girama kan wà lórí òkè, lẹ́yìn pápá ìṣeré, tó jẹ́ ti àwọn ará Amẹ́ríkà. Ọmọ àwọn tó wá ṣiṣẹ́ láti òkèèrè ló pọ̀ jù níbẹ̀: ọmọ ẹnjiníà, ọmọ dókítà, ọmọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì aṣojú ìjọba wọn. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n wọlé ní oṣù kẹsàn-án, obìnrin tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò sáré padà sílé lọ tọ́jú bàbá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Ẹnì kan tó ti bá Tíṣà ṣiṣẹ́ rí fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn, wọ́n sì ní kó wá fi ọdún kan ṣoṣo dí ààyè obìnrin náà.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ lọ, ó wọ kóòtù, ó de táì, ó kun bàtà rẹ̀ títí èèyàn fi lè rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ó mú páálí ṣọ́ọ̀kì kan dání, ó sì fi ìwé ìròyìn wé nǹkan gígùn kan sábẹ́ apá. Ẹ̀gbọ́n mi bi í pé kí ni. Ó ní rúlà ni. Nígbà tó dé ní ìrọ̀lẹ́, ó ní ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì tú ìwé ìròyìn náà, ó rí i pé pàṣán ni, ó gbà á lọ́wọ́ òun, ó sì fún òun ní káàdì tó ní nọ́ńbà pé kí òun fi gbà á bí òun bá ń lọ sílé. Ẹ̀rín pa ẹ̀gbọ́n mi débi pé ó ní láti dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró.

Ohun tó rí nínú kíláàsì ya á lẹ́nu ju ti pàṣán lọ. Ó wọlé, ẹnikẹ́ni ò dìde. Ó kí wọn, wọ́n ní “Háì.” Wọn ò to àga ní ìlà, ńṣe ni wọ́n to ó yípo bíi ti àwọn tó ń jẹun. Pátákó funfun ni wọ́n ń lò, ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ò sì wúlò. Ọmọkùnrin kan wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bí àkàbà, tó nà án jáde sójú ọ̀nà, Tíṣà sì ní láti máa gbé ẹsẹ̀ fò ó bó bá ń rìn. Ọmọbìnrin kan sì wà níwájú, kékeré, tó wọ awò ojú, tó fi pẹ́ńsù di irun. Kí wákàtí àkọ́kọ́ tó parí, ọmọ yìí ti béèrè “kí ló dé” lẹ́ẹ̀mẹta. Tíṣà ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ òun. Ọmọ náà ní kí ló dé tí wọ́n fi kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ rẹ̀ nínú ilé wa ti di Kílódé.

Ohun kan wà tí mo ṣàkíyèsí. Èdè Òyìnbó ò mọ̀yàtọ̀ láàárín “o” àti “ẹ.” Bí Tíṣà bá fẹ́ sọ fún wa ohun tí ọmọ náà wí, òun ló máa yan èyí tó máa lò. Ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, “o” ni gbogbo rẹ̀: “Ó ní, ṣé o dá a lójú? Ó ní, tún un ṣe kí n rí i.” Bí a bá gbọ́, a ó máa rò pé ọmọ aláìlẹ́kọ̀ọ́ kan ló ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀.

Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà fi ránṣẹ́ pè é. Obìnrin gíga kan ni, tí kì í gbé ohùn sókè. Tíṣà ti ní kí ẹlẹ́sẹ̀ gígùn dúró kọjú sí ògiri fún odindi wákàtí kan torí pé kò mú ìwé wá. Ọ̀gá ní àwọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí. Ó fún un ní tíì, ó bi í léèrè nípa ọdún tó fi ṣiṣẹ́ ìjọba, ó sì tún wí i lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó dìde pé àwọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí. Tíṣà délé, ó ní òun ò lọ mọ́, pé níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe tíṣà bí ọmọ ọ̀dọ̀, kò sí ẹ̀kọ́ níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ò gbójú sókè lórí aṣọ tó ń rán. Ó ní, “Ṣé torí pé wọn ò jẹ́ kí ẹ na ọmọ ọlọ́mọ lẹ ṣe fẹ́ wá jókòó sílé, kí ẹ tún wá máa to òwú mi? Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá wọn. Ẹ padà síbẹ̀.”

Ó padà.

Oṣù kọkànlá ni ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀. Ó fún wọn ní ìdánwò. Nínú rẹ̀, ó ya oko kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò dọ́gba, ó ní kí wọ́n wá bó ṣe fẹ̀ tó. Ọ̀nà tó ti kọ́ wọn ni pé kí wọ́n la oko náà sí onígun mẹ́ta méjì, kí wọ́n wá ti ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n rò ó pọ̀. Ìlà méjìlá ni iṣẹ́ náà máa ń gbà. Kílódé ṣe é ní ìlà mẹ́rin, ó sì gbà á. Kò sí onígun mẹ́ta tí Tíṣà kọ́ wọn níbẹ̀ rárá.

Ó yẹ kí ẹ mọ irú ẹni tí Tíṣà jẹ́. Gbólóhùn kan wà tó fẹ́ràn láti máa sọ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n: ìdáhùn tí kò bá gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ojú fèrèsé ló gbà, ẹni tó bá sì gba ojú fèrèsé wọlé, olè ni. Ó fún ọmọ náà ní òdo. Ó fi bírò pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, “Ìwé ta lo wò?”

Kílódé ò sunkún, kò sì lọ fẹjọ́ sun. Ó mú ìwé náà wá síwájú tábìlì nígbà tí kíláàsì ń lọ lọ́wọ́, ó ní òun ò wo ìwé ẹnikẹ́ni, ó wá bẹ Tíṣà pé kó fi ibi tí òun ti ṣìnà han òun. Tíṣà gba ìwé náà. Ó ya oko náà sára pátákó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ipasẹ̀ ọmọ náà láti ìlà kìíní kó lè fi àṣìṣe rẹ̀ han gbogbo wọn. Ó dé ìlà kejì, kò rí àṣìṣe. Ó dé ìkẹta, kò rí i. Ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ méjìlélógún ń wò ó. Aago lu, wọ́n kó ìwé wọn jáde. Òun nìkan ló kù síbẹ̀ tó mú bírò dání.

Ọjọ́ náà, kò bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ó wọlé tààrà wá sídìí tábìlì ìgéṣọ mi, ó tẹ́ ìwé ọmọ náà sórí aṣọ oníbàárà. Ó ní kí n wò ó. Mo ní kí ni èmi mọ̀ nípa ìṣirò, ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ó ní kí n ṣáà wò ó.

Mo wò ó. Ọmọ náà ti fi àpótí onígun mẹ́rin kan yí oko wíwọ́ náà ká, ó wá yọ àwọn igun tó ṣẹ́kù lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní ó yé mi. Ó ní báwo ló ṣe yé mi? Mo ní bí mo ṣe ń gé aṣọ nìyẹn. Bí oníbàárà bá fẹ́ aṣọ, mo máa ń wá odindi ìwọ̀n aṣọ tó máa gba ara rẹ̀, màá wá yọ ibi ọrùn, màá yọ abẹ́ apá, màá yọ ẹ̀gbẹ́. Ohun tó bá kù, òun ni aṣọ. Mi ò lè bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ onígun mẹ́ta mọ́ra wọn, ta ni yóò wọ̀ ọ́?

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Tíṣà ò rín. Ó fa àga, ó jókòó. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò bá èyí tí a ń sọ lọ. Ó ní, “Ọmọ Káfíńtà.”

Ẹ̀gbọ́n mi dá ẹ̀rọ dúró. Ó mọ ẹni tó ń wí, èmi ni mi ò mọ̀.

Ọdún méjìdínlógún sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì kẹta ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, tí bàbá rẹ̀ ń kan òrùlé. Nínú ìdánwò ìparí ọdún, wọ́n béèrè pé kí wọ́n wá gíga òrùlé kan. Gbogbo kíláàsì kọ ìdajì ojú ewé. Ọmọ Káfíńtà ya òrùlé náà kékeré, ó kọ “mẹ́ta” sínú rẹ̀, ó sì bọ́ sórí ìbéèrè mìíràn. Ó gbà á. Tíṣà ní ìwé ta ló wò. Ọmọ náà ní òun ò wo ìwé ẹnikẹ́ni, pé bàbá òun ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù: bí ẹ̀gbẹ́ kan bá jẹ́ mẹ́rin, tí èyí tó dagun bá jẹ́ márùn-ún, èyí tó dúró gbọ́dọ̀ jẹ́ mẹ́ta, kò sóhun tí èèyàn tún fẹ́ ṣírò níbẹ̀. Tíṣà ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́. Ó nà án ní ẹgba mẹ́fà níwájú gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kọ ọ́ sínú ìwé orúkọ pé ó jíwèé wò, ó sì kọ lẹ́tà sí àwọn òbí rẹ̀. Ọmọ náà ò padà wá sí ilé-ẹ̀kọ́ mọ́.

Ó ní òun ti pàdé rẹ̀ lójú títì rí, lẹ́yìn ọdún díẹ̀, tó ru pákó. Ó ní bí ọmọ náà ti rí òun, ó sọdá sí òdìkejì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dúró níwájú kíláàsì rẹ̀ lókè. Ó sọ fún wọn pé ọ̀nà tí Kílódé gbà tọ̀nà, pé ó tilẹ̀ dára ju èyí tí òun kọ́ wọn lọ. Ó ní, “Kì í ṣe pé mo fún un ní òdo nìkan. Mo pè é ní olè, mi ò sì wádìí. Ìyẹn ni mo ń tọrọ àforíjì fún.” Ó ní òun ò tíì sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rí láyé òun, pé ẹnu òun gbẹ bí ẹni jẹ ìyẹ̀fun. Ẹlẹ́sẹ̀ gígùn fa ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé. Kílódé ní òun ti gbọ́, ó ní ó tán, ó wá béèrè bóyá òun máa gba máàkì òun báyìí. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, Tíṣà náà sì rín. Bó ti ń sọ ọ́ fún wa ni mo gbọ́ tó ní, “Ó ní, ‘Ṣé ẹ máa fún mi ní máàkì mi?’” Mo wo ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n mi wò mí. “Ẹ” ló lò.

Ọ̀rọ̀ Ọmọ Káfíńtà ò wá jẹ́ kó gbádùn mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ọjà pákó lẹ́yìn iṣẹ́, ó ń béèrè. Ní ṣọ́ọ̀bù kẹta, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ta ni kò mọ Ọ̀gá Olórùlé? Wọ́n ní bàbá rẹ̀ ti kú, òun ló ń ṣe iṣẹ́ náà lọ, òrùlé ilé ìwòsàn tuntun ló sì wà báyìí. Ní ọjọ́ Sátidé, Tíṣà ní kí n tẹ̀ lé òun lọ. Ó ní bí obìnrin náà bá fẹ́ lu òun, ó yẹ kí obìnrin kan wà níbẹ̀ tó máa bá òun dì í mú.

Orí igi òrùlé la bá a, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì gun igi méjì, ó fi ìṣó sẹ́nu. Ó wolẹ̀, ó rí wa. Ó yọ ìṣó kúrò lẹ́nu. Ó ní, “Ẹ káàsán, sà,” ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó tó wákàtí kan kó tó sọ̀ kalẹ̀. Àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ gbé bẹ́ǹṣì wá, Tíṣà ò jókòó. Nínú oòrùn ló dúró sí tó ṣí fìlà rẹ̀.

Nígbà tí obìnrin náà dé ilẹ̀, Tíṣà sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́: ìdánwò, ẹgba, ìwé orúkọ, lẹ́tà. Ó sọ pé òótọ́ ni obìnrin náà ń sọ, irọ́ ni òun ń pa. Obìnrin náà ń fi àkísà nu ọwọ́ ní gbogbo ìgbà náà, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ tipẹ́.

Ó ní, “Mo gbọ́, sà. Mi ò ní parọ́ pé mi ò bínú, mo bínú fún ọdún púpọ̀. Ṣùgbọ́n èmi mọ̀ pé mi ò jíwèé wò. Bàbá mi náà mọ̀ kí wọ́n tó kú. Ìyá mi ni ò mọ̀. Ẹ̀yin lẹ sọ fún wọn. Ẹ̀yin náà ni kí ẹ lọ tún un sọ.”

Ó júwe ilé ìyá rẹ̀ fún wa, lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́, ó sì gun àkàbà rẹ̀ padà.

Mo rò pé ibẹ̀ la máa gbà lọ. Tíṣà ní rárá, òun ò ní fi ẹnu lásán lọ bá ìyá kan tí òun fi ìwé purọ́ fún. Ó kọ́kọ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ báyìí, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ni nínú iṣẹ́. Ó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ ohun tó wá ṣe, ó ní ta ló ń ka ìwé orúkọ ọdún méjìdínlógún sẹ́yìn, kí Tíṣà lọ sinmi sílé. Tíṣà ní kò rẹ òun. Ó jókòó sórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ méjì, ó ń kí gbogbo ẹni tó ń kọjá, títí ojú fi ti akọ̀wé, tó lọ tú yàrá ìkẹ́rùsí. Abẹ́ àwọn tábìlì tó ti ṣẹ́ ni wọ́n ti rí ìwé náà. Ikán ti jẹ igun rẹ̀ kan, kò dé ojú ewé tí a ń wá. Tíṣà fi bírò pupa fa ìlà sórí ohun tó kọ nígbà náà, ó kọ òótọ́ sábẹ́ rẹ̀, ó fọwọ́ sí i. Ọ̀gá náà fọwọ́ sí i, wọ́n sì kọ lẹ́tà kan jáde tó ní òǹtẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́.

Èmi àti òun la tún jọ lọ bá ìyá náà. Yàrá kan ni, tó mọ́ tónítóní, tó ní fèrèsé kan ṣoṣo, ìyá náà sì gbé àga sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ gbà wọlé. Ó ń ká òwú sórí páálí. Ojú rẹ̀ ti ń di bàìbàì. Tíṣà sọ ẹni tí òun jẹ́. Ìyá náà ní kó jókòó, ó béèrè àlàáfíà ilé rẹ̀, ó dúpẹ́ pé ó rántí òun. Inú rẹ̀ dùn sí i pé tíṣà ọmọ òun wá kí òun. Ìyẹn ló jẹ́ kó burú.

Tíṣà ka lẹ́tà náà fún un. Ìyá náà dá ọwọ́ dúró lórí òwú. Ó ní kó tún un kà. Ó tún un kà.

Ìyá náà ní, “Ọmọ mi sọ fún mi. Ó sọ ọ́ títí ohùn rẹ̀ fi há. Mo ní tíṣà kì í parọ́.” Ó wá ní, “Èmi ni mo bí i. Ìwọ ni mo gbà gbọ́.”

Kò bú u. Mo rò pé ìbá sàn fún Tíṣà bó bá bú u. Ó kàn gbé páálí òwú sílẹ̀ ni, ó ní kí n bá òun mú gèlè àti bàtà òun, pé òun fẹ́ lọ sí ibi iṣẹ́ ọmọ òun. Mo ní ọjọ́ ti lọ, kó jẹ́ kí ọmọ náà wá bá a nílé. Ó ní ọdún méjìdínlógún ni ọmọ náà ti ń wá bá òun nílé.

Àwa mẹ́ta la rìn ín, mo dì í mú ní apá kan, Tíṣà dì í mú ní apá kejì. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn tuntun náà, ó ní kí a fi òun sílẹ̀. Ó fọwọ́ tọ́ ògiri títí ó fi dé ìdí àkàbà, ó gbójú sókè sí ibi tí kò lè ríran dé, ó fi orúkọ kékeré kan pe ọmọ rẹ̀, irú èyí tí a máa ń fi pe ọmọ tó wà lẹ́yìn. Ìró òòlù dá. Mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ lẹ́yìn náà. Mo fa ọkọ ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́, a kúrò níbẹ̀. Nígbà tí a dé ìdí afárá, ó dúró, ó fi fìlà bojú, mo sì ń wo omi.

Lẹ́yìn ọdún tuntun, Ọ̀gá Olórùlé fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ sí wa pé òun fẹ́ rí ilé-ẹ̀kọ́ tó lè mú kí Má-bi-mí tọrọ àforíjì. Tíṣà bá ọ̀gá obìnrin gíga náà sọ ọ́, ọ̀gá ní kó mú un wá. Ọ̀gá Olórùlé lọ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ àti okùn kan tó so ẹnu rẹ̀ méjèèjì pọ̀, tó sì ta kókó méjìlá sí lára, kókó kọ̀ọ̀kan jìnnà síra lọ́gbọọgba. Ó ní kí àwọn ọmọ mẹ́ta di okùn náà mú, àlàfo mẹ́ta lápá kan, mẹ́rin lápá kejì, márùn-ún lápá kẹta, ó sì ní kí wọ́n fà á kó le. Igun tó dúró ṣánṣán ló jáde, bí igun ògiri. Tíṣà ní àwọn ọmọ tí kì í gbọ́ tòun ń du okùn mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Dájúdájú, Kílódé béèrè ìdí rẹ̀. Ọ̀gá Olórùlé ní òun ò mọ ìdí rẹ̀, bàbá òun náà ò mọ̀ ọ́n, òun kàn mọ̀ pé òrùlé àwọn kì í wó ni. Ó yíjú sí Tíṣà. Gbogbo kíláàsì yíjú sí i. Tíṣà ní òun ní kí wọ́n fún òun ní ọjọ́ méjì. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó gba àgékù aṣọ lọ́wọ́ mi, ó gé e ní onígun mẹ́rin wẹ́wẹ́, ó tò ó sórí ilẹ̀ yàrá, ó ń yí i padà. Nígbà tó lóye bó ṣe máa là á yé ọmọdé, ó pe ẹ̀gbọ́n mi àti èmi, ó là á yé wa. Ẹ̀gbọ́n mi ní ó dára, kó wá kó o kúrò nílẹ̀.

Ọdún náà ò rọrùn láti ibẹ̀ lọ, mi ò ní tàn yín. Ó ṣì ń pariwo. Nínú oṣù kẹta, ó tún bá ẹlẹ́sẹ̀ gígùn jà lórí iṣẹ́ àṣetiléwá, bàbá ọmọ náà wá, Tíṣà sì dúró ti ọ̀rọ̀ rẹ̀, ọ̀gá náà sì gbè é lẹ́yìn lọ́tẹ̀ yìí. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹlẹ́sẹ̀ gígùn bẹ̀rẹ̀ sí í wá kí aago àárọ̀ tó lu, òun àti Tíṣà nìkan, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ó yege ìdánwò ìkẹyìn, máàkì méjì péré ló fi ré kọjá ààlà ìyege. Tíṣà ní kò sí máàkì tí òun làágùn lé lórí tó bẹ́ẹ̀ rí.

Oṣù kẹfà ni wọ́n parí. Bàbá obìnrin tó ni iṣẹ́ náà ti gbádùn, obìnrin náà ń padà bọ̀. Ọ̀gá ní kí Tíṣà máa wá lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, ó sì gbà. Àṣà àwọn ọmọ náà ni pé ní ọjọ́ ìkẹyìn, wọ́n máa ń gba ìwé ńlá kan tí àwòrán gbogbo wọn wà nínú rẹ̀, wọ́n á máa gbé e kiri kí èèyàn kọ nǹkan sí i. Wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì rẹ̀. Tíṣà ò mọ ohun tí wọ́n máa ń kọ síbẹ̀, ó wá lo gbogbo ọ̀sán láti máa kọ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọmọ méjìlélógún, bí ẹni ń kọ lẹ́tà. Kílódé ló kẹ́yìn. Bàbá rẹ̀ ti parí afárá tó wá kọ́, ilẹ̀ mìíràn ni wọ́n ń lọ, ilé-ẹ̀kọ́ kẹfà láàárín ọdún mẹ́jọ. Ọmọ náà ní òun ò fẹ́ lọ. Tíṣà ní òun mọ̀. Ó kọ ojú ewé kan gbáko fún un, a ò sì mọ ohun tó kọ, torí kò sọ fún wa, a ò sì bi í.

Ó délé ní ọjọ́ náà kí oòrùn tó wọ̀. Ó bọ́ kóòtù, ó fi kọ́ ẹ̀yìn àga, ó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà ní yàrá iwájú. Kí ẹ̀gbọ́n mi tó bi í bóyá yóò jẹun, ó ti sùn lọ. A rọra dá ẹ̀rọ dúró, a sì gbé iṣẹ́ wa lọ sí ẹ̀yìnkùlé.